Èrò Mẹ́jọ Inú Aginjù

Ní nǹkan bí ọdún 382, díákónì kan sá kúrò ní Constantinople. Evagrius lorúkọ rẹ̀, ọmọ bíbí Pọ́ńtù, ní apá ibi tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí. Ìwé yé e, ọ̀rọ̀ dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀, àwọn ẹni ńlá ìlú sì mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ọba ló lé e, gbèsè kọ́ sì ni. Ọkàn rẹ̀ ti fà sí ìyàwó oníyàwó, obìnrin náà kì í sì í ṣe ìyàwó mẹ̀kúnnù. Jerúsálẹ́mù ló sá gbà, níbi tí Melania, opó olówó láti Róòmù, ti gbà á lálejò. Kò pẹ́ tó tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fáàrí aṣọ. Àìsàn ló dá a dúró fún oṣù mẹ́fà, Melania sì gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ máa dá gbé nínú aginjù Íjíbítì.

Ó lo ọdún méjì ní Nitria, lẹ́yìn náà ló wọnú aginjù lọ sí Kellia, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi kú ní 399. Àwọn anìkàngbé Kellia kọ́ ahéré wọn jìnnà síra, débi pé aládùúgbò kì í gbọ́ ohùn aládùúgbò. Sátidé àti ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń pé jọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láwọn ọjọ́ yòókù, kálukú á jókòó sílé, á máa fi imọ̀ ọ̀pẹ hun okùn àti agbọ̀n, á máa ka Sáàmù. Ìwé ni Evagrius ń dà kọ gbowó ní tiẹ̀, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára. Bẹ̀rẹ̀ láti àwọn ọdún 1960, àwọn awalẹ̀pìtàn ará Faransé àti Switzerland rí àwókù irú ilé bẹ́ẹ̀ tó ju 1,500 lọ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n irú èrò tó lé e kúrò ní Constantinople bá a dé aginjù. Palladius, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ dà á láàmú lóru ọjọ́ kan, ló bá lọ dúró ní ìhòòhò nínú kànga nígbà òtútù títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìrírí bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kó kọ ọ́ pé ohun tójú ń rí ni èṣù fi ń bá ará ìlú jà, èrò ọkàn ló sì fi ń bá anìkàngbé jà.

Mẹ́jọ ló ka àwọn èrò náà sí: wọ̀bìà, àgbèrè, ojúkòkòrò, ìbànújẹ́, ìbínú, kí ìsìn sú ènìyàn, ògo asán àti ìgbéraga. (Ìlara, tí Yorùbá ìbá kọ́kọ́ kà, kò sí níbẹ̀.) Èyí tó ṣàpèjúwe jù ni ẹ̀mí sísú náà, tí wọ́n ń pè ní ẹ̀mí èṣù ọ̀sán gangan. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ló máa ń dé. Oòrùn á dà bí ẹni pé kò rìn mọ́. Anìkàngbé á yọjú lójú fèrèsé, á jáde lọ wo bó ṣe kù sí aago mẹ́ta tí wọ́n ń jẹun, á tún wò ó bóyá ẹnì kan ń bọ̀ wá kí i. Iṣẹ́ ọwọ́ á sú u. Á ní ìfẹ́ ti tán láàárín àwọn ará. Bí ẹnì kan bá sì ti ṣẹ̀ ẹ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta náà, ìyẹn á tún kún un. Ẹni tó kọ èyí kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ní ti ìbínú, ó gbà pé ẹni tó di kùnsínú kò lè gbàdúrà tó já geere. Oògùn tó lò kò ṣòro: kí ènìyàn fún ẹni tí wọ́n jọ ń yodì lẹ́bùn, bí Jékọ́bù ti ṣe fún Ísọ̀, bí kò bá sì lówó ẹ̀bùn, kó pè é wá jẹun.

Àṣà kan tún wà láàárín àwọn anìkàngbé tó le ju ààwẹ̀ lọ: kí ọ̀dọ́ máa sọ èrò ọkàn rẹ̀ fún àgbà láìfi ọ̀kan pa mọ́. Àgbà pẹ̀lú kò gbọdọ̀ fi ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n ń sọ ọ́ nípa Mósè Adúláwọ̀, ẹrú tó di olè kó tó di bàbá aginjù, pé nígbà tí wọ́n pè é síbi ìdájọ́ arákùnrin kan tó ṣẹ̀, ìṣà tó ń jò ló gbé wá, omi ń kán tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ tòun ń dà sílẹ̀ lẹ́yìn òun bẹ́ẹ̀, òun kò rí i, wọ́n sì ní kóun wá dájọ́ ẹlòmíràn. Wọ́n bá dárí ji arákùnrin náà.

Àwọn olórí ìjọ kò fi irú sùúrù bẹ́ẹ̀ bára wọn lò. Ní 400, Theophilus, bíṣọ́ọ̀bù Alexandria, kó sójà wọ Nitria lórí àríyànjiyàn ẹ̀kọ́ Origen, onímọ̀ ẹ̀sìn Kristẹni àtijọ́ kan, wọ́n dáná sun ahéré, ọ̀pọ̀ anìkàngbé sì sá lọ. Ní nǹkan bí àkókò yẹn ni anìkàngbé kan tó ń jẹ́ Cassian náà kúrò ní Íjíbítì. Nígbà tó yá ó tẹ̀dó sí Marseille, ó sì fi èdè Látìnì kọ ìwé nípa èrò mẹ́jọ náà. Póòpù Gregory Kìíní tún un tò ní òpin ọ̀rúndún kẹfà: ó pa ẹ̀mí sísú pọ̀ mọ́ ìbànújẹ́, ó fi ìlara kún un, ó yọ ìgbéraga sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bíi gbòǹgbò, ó ku méje.

Ní ọ̀rúndún kẹfà kan náà ni ìjọ dá ẹ̀kọ́ Evagrius lẹ́bi. Àwọn tí kò fẹ́ kí ìwé rẹ̀ ṣègbé fi orúkọ ẹlòmíràn bò ó. Nígbà tí wọ́n tẹ àkójọ tí wọ́n ń pè ní Philokalia ní Venice ní 1782, ìwé rẹ̀ lórí àdúrà wà nínú rẹ̀, orúkọ Nilus ló sì ń jẹ́.