Ẹ̀fọn Gọ́tà Èkó àti Erin Igbó Omo: Lórí Ìyípadà, Ìyapa àti Àyálò

Irùngbọ̀n pupa ló bí orúkọ Apọ́ngbọ̀n. William McCoskry, oníṣòwò òyìnbó tó di adelé gómìnà nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, ló ni irùngbọ̀n ọ̀hún. Ohun tí ojú àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó rí ni wọ́n fi pè é, orúkọ náà sì mọ́ àdúgbò lára títí dòní. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀dá ti ń sọ ẹranko lórúkọ láti ayé Linnaeus: wọ́n á wo awọ, wọ́n á wo ìyẹ́, wọ́n á ka eyín. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri ní Èkó kò gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún, Anopheles gambiae ni gbogbo wa ń pè é, kí àyẹ̀wò àbùdá tó fi hàn pé méjì ló wà nínú aṣọ kan ṣoṣo, M àti S.

Ní 2013, Coetzee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ M kúrò lára gambiae, wọ́n sọ ọ́ ní Anopheles coluzzii ní ìrántí Mario Coluzzi, onímọ̀ ẹ̀fọn tó kú ní ọdún tó ṣáájú. Mi ò bá orúkọ náà jà. Ohun tí wọ́n gbé e lé ni mo ní àwíjàre sí. Òpó àríyànjiyàn wọn ni pé àwọn méjèèjì kì í sábà bímọ pọ̀, àbùdá wọn sì ti lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ògiri tí Mayr, onímọ̀ ẹ̀dá, mọ ní 1942 nìyẹn, pé àwọn tí kì í bá ara wọn bímọ kì í ṣe ẹ̀yà kan náà; ọ̀dà tuntun ni wọ́n kàn kùn ún.

Ògiri náà lu. Ní 2000, Weill àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé kdr, ìyípadà inú àbùdá tí kì í jẹ́ kí DDT àti oògùn inú nẹ́ẹ̀tì ran ẹ̀fọn mọ́, kò hù lára M fúnra rẹ̀. Ara S ló ti bọ́ sí i. Ní 2014, Clarkson àti àwọn tirẹ̀ tọ ipa rẹ̀ ní Gánà: kdr kò dá nìkan kọjá, ó wọ́ odindi abala àbùdá tó yí i ká dání, abala kan náà tí a ti ń tọ́ka sí bí àmì ìyàtọ̀ M sí S. Àmì ìyàtọ̀ parẹ́ níbẹ̀, síbẹ̀ àwọn méjèèjì kò padà di ọ̀kan. Ní 2015, Norris àti ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní Mali pé àkókò tí nẹ́ẹ̀tì olóògùn gbòde gan-an ni àbùdá yìí ráyè tàn kálẹ̀ nínú coluzzii. Àwọn elétò ìlera ń ka ìwádìí mẹ́ta yìí bí ọ̀rọ̀ ibà lásán. Ọ̀rọ̀ ẹranko igbó ni èmi ń kà nínú rẹ̀.

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ya ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀, nítorí pípò wọ́n pọ̀ ló ń ba àríyànjiyàn jẹ́. Ìyípadà ni kí ohun tó ti wà nínú ọ̀wọ́ ẹranko pọ̀ sí i tàbí dín kù nítorí àwọn kan kú, àwọn kan kò kú. Ìyapa ni kí ìran méjì ṣíwọ́ láti máa fẹ́ ara wọn. Àyálò ni kí ìran méjì tó ti yapa tún máa gba nǹkan lọ́wọ́ ara wọn. Ẹ̀dá lè yípadà láì yapa. Ó lè yapa láìjẹ́ pé ojú rí ìyípadà kankan, bí M àti S. Ó sì lè yapa tán kó ṣì máa yá nǹkan, bí ọmọ ìyá méjì tó ti kó kúrò nínú agboolé kan náà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí oníkálùkù ní ìloro tirẹ̀, ṣùgbọ́n tí odó ṣì ń ti ilé kan dé ilé kejì. Odó tó ń lọ tó ń bọ̀ kò sọ ilé méjì di ilé kan. Mayr kò fi àyè sílẹ̀ fún odó.

Ìyípadà ló rọrùn jù láti rí, òun ló sì ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ wo erin Gorongosa ní Mozambique. Ogun abẹ́lé láti 1977 dé 1992 pa ohun tó lé ní 90 nínú 100 erin ibẹ̀, torí àwọn ológun ń wá eyín. Campbell-Staton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ ní 2021 pé abo erin tí kò ní eyín gígùn, tó jẹ́ bíi 18 nínú 100 kí ogun tó dé, ti di bíi 51 nígbà tí ogun parí. Àwọn kan gbọ́, wọ́n ní ẹ̀dá ti rí ọ̀nà àbáyọ. Ọ̀nà àbáyọ wo? Àìléyín wà lára erin kí ìbọn tó dún. Ìbọn kàn yọ àwọn eléyín kúrò ni. Èyí tó burú jù ni pé àbùdá ọ̀hún ń pa akọ láti inú oyún, débi pé abo ló pọ̀ jù nínú ọmọ tí àwọn ìyá aláìléyín bí. Ìyípadà ni, kò sí iyèméjì. Mi ò rí ìyapa níbẹ̀, mi ò sì rí ìgbàlà.

Kí ló wá jẹ́ kí ẹ̀fọn rí ìgbàlà? Èkó lè kọ́ wa. Ní 2007, Awolola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí tanwíji Anopheles gambiae nínú omi ìdọ̀tí láàárín ìlú Èkó, ẹ̀fọn tí gbogbo ìwé ń sọ pé omi òjò tó mọ́ gaara ló fẹ́ràn. Ní Yaoundé, Kamdem àti àwọn tirẹ̀ rí i ní 2012 pé àárín ìgboro ni M ń gbé, S sì wà ní ẹ̀yìn odi. Lọ́dún kejì, Tene Fossog àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé tanwíji M lè fara da amonia ju ti S lọ. Coluzzi ti sọ ọ́ tipẹ́ pé omi tí àgbẹ̀ ń fà sóko ló lé ẹ̀fọn sí ìhà méjì. Èmi ní gọ́tà ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ó sì ṣeé ṣe kó yára ju oko lọ. (Sir William MacGregor, gómìnà tó tún jẹ́ dókítà, la omi sáàárín Èkó àti Ìkòyí kí àbàtà lè gbẹ kí ibà sì lọ. Àbàtà gbẹ lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ sí gọ́tà.)

    

Ìyára ẹ̀fọn wá láti inú ọ̀pọ̀ rẹ̀, ìran rẹ̀ tí kì í ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, àti aládùúgbò tí òun lè yá odó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹranko igbó yóò yípadà bí ẹ̀fọn ti yípadà, kó kọ́kọ́ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí hàn mí lára erin. Ní oṣù kẹta 2021, àjọ IUCN ya erin igbó kìjikìji sọ́tọ̀ kúrò lára erin ọ̀dàn nínú ìwé àwọn ẹranko tó wà nínú ewu, ogún ọdún lẹ́yìn tí Roca àti àwọn tirẹ̀ ti gbé ẹ̀rí àbùdá rẹ̀ jáde. Wọ́n fi kún un pé erin igbó ti dín kù ju 86 nínú 100 lọ láàárín ọdún 31. Orúkọ tuntun náà dára. Ṣùgbọ́n orúkọ kò ṣí ọ̀nà fún erin. Àwọn erin igbó tó kù ní igbó Omo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ni àwọn erin tó sún mọ́ Apọ́ngbọ̀n jù, oko kòkó sì ti wọ inú igbó náà. Níbo ni odó wọn yóò gbà wọlé?

Òfin wa lórí ẹranko tó wà nínú ewu, ti 1985, orúkọ ló ń kà. Ìyẹn tó láti mú oníṣòwò eyín erin ní ibùdókọ̀ òfuurufú. Kò tó láti dá ọ̀nà sí láàárín igbó kan àti èkejì, kò sì sọ ohun tí a ó ṣe fún ọmọ àdàpọ̀, irú èyí tí erin igbó àti erin ọ̀dàn ti bí ní Kibale, ní Uganda. Ẹni tó bá di ògiri Mayr mú yóò ní àdàlù ni wọ́n, kò yẹ ká dáàbò bò wọ́n. Ìròyìn ẹ̀fọn sọ pé ara àdàlù gan-an ni ìgbàlà máa ń gbà dé.

Mo rọ àwọn tó ń ka erin ní Omo pé kí wọ́n má fi iye orí nìkan jábọ̀. Kí wọ́n ya àwòrán ibi tí erin ń gbà jáde àti ibi tí oko ti dí i. Ní Dzanga, ní Central African Republic, níbi tí Turkalo, onímọ̀ erin, ti ṣọ́ erin igbó láti 1990, nǹkan bí ọdún 23 ni abo ń tó kó tó bí àkọ́bí rẹ̀. Láàárín ọdún 23, ẹ̀fọn gọ́tà Èkó á ti rí ìran tó lé ní 300.