Gírámà Nínú Gbólóhùn Ọjà

Láti ọdún 1843 tí Samuel Ajayi Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ àti gírámà Yorùbá jáde, àwọn kan ń fi òṣùwọ̀n èdè Yúróòpù wọn tiwa. Ará Ítálì a máa pa ọ̀rọ̀-ìṣe dà: compro ni “mo ń rà”, compri ni “o ń rà”, compra ni “ó ń rà”. Ẹni tó ń ná iṣu ní Arakale, Àkúrẹ́, kì í pa “rà” dà nítorí ẹni tó ń rà á. Ẹnìkan lè ní gírámà wa kò kún tó. Rárá o! Arọ́pò-orúkọ àti ohùn ló ń fi ẹni tó ń rà hàn: “o” kì í ṣe “ó”. Onímọ̀ èdè Ayọ̀ Bámgbóṣé fi ìwé gírámà rẹ̀ ti 1966 ṣàlàyé èdè wa bí a ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ máa ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.