Crowther: Orísun, Ìtumọ̀ àti Ìtànkálẹ̀ Orúkọ Ìdílé Kan

Crowther jẹ́ orúkọ ìdílé tí ó ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú iṣẹ́ ni wọ́n ti mú un: ẹni tí ń ta ohun èlò orin olókùn kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń pè ní crouth tàbí crowd ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn Yorùbá, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni ó sọ orúkọ náà di mímọ̀, débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí mọ́ pé orúkọ àwọn olórin ilẹ̀ òkèèrè ni. Ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni orúkọ yìí gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń jẹ́ ẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ń jogún rẹ̀ lọ́wọ́ baba. Ní Sàró, a fi fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a gbà sílẹ̀ nínú oko ẹrú, ní ọjọ́ ìrìbọmi rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi orúkọ yìí tọpa ìran gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì.

Ìtumọ̀ àti ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀

Ìpín méjì ni ó so pọ̀ di Crowther. Èkíní ni crouth, orúkọ ohun èlò orin náà. Èkejì ni -er, àfòmọ́ tí èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣẹ̀dá orúkọ fún ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ kan. Iṣẹ́ tí -er ń ṣe nínú Crowther ni oní- ń ṣe nínú onígòjé lédè Yorùbá. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni ti Gẹ̀ẹ́sì máa ń wà, iwájú ni ti Yorùbá.

Crouth fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Láti inú crwth, ọ̀rọ̀ àwọn ará Wales, ni ó ti wá. Àwọn ará Wales ń gbé ní apá ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Britain, èdè wọn sì ti wà níbẹ̀ kí èdè Gẹ̀ẹ́sì tó dé. Àwọn ará Ireland ní ọ̀rọ̀ tí ó bá a tan, èyí tí í ṣe cruit. Ní ọ̀rúndún kẹfà, Venantius Fortunatus, akéwì kan tí ń fi èdè Látìn kọ̀wé, dárúkọ ohun èlò orin kan tí ó pè ní chrotta, ó sì sọ ọ́ mọ́ àwọn ará Britain. Lédè Wales, crwth tún lè túmọ̀ sí ohun tí ó yọ gọngọ tàbí tí ó wú bí iké, àwọn onímọ̀ èdè sì gbà pé ìrísí ohun èlò náà ni ó fún un ní orúkọ.

Láti inú ọ̀rọ̀ kan náà ni orúkọ ìdílé Crowder ti jáde. Níbi tí àwọn ènìyàn ti di th àtijọ́ mú, Crowther ni wọ́n ń jẹ́. Níbi tí ó ti yí padà di d, Crowder ni. Àṣìṣe ni láti so orúkọ méjèèjì mọ́ crowd tí ó túmọ̀ sí ọ̀pọ̀ èrò nínú Gẹ̀ẹ́sì òde òní, tàbí mọ́ crow tí í ṣe ẹyẹ kan. Ìró ni ó bá ara mu. Ìtumọ̀ wọn kò tan.

Ohun èlò orin náà

Pákó ni a fi ń gbẹ́ crwth. Ó ní igun mẹ́rin, a sì dá ihò sí apá òkè rẹ̀ kí ọwọ́ olórin lè gba ibẹ̀ kọjá láti tẹ okùn. Nínú irú èyí tí ó pẹ́ jù lọ ní Wales, okùn mẹ́fà ni ó máa ń ní. Mẹ́rin wà lórí pákó tí ìka ń tẹ̀. Méjì tí ó kù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àtàǹpàkò ni olórin sì lè fi ta wọ́n. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a so irun ẹṣin mọ́ ni a fi ń ha àwọn okùn náà, gẹ́gẹ́ bí onígòjé ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n okùn kan ṣoṣo ni gòjé ní, igbá tí a fi awọ bò sì ni ara rẹ̀. Nítorí pé pẹrẹsẹ ni igi tí ó gbé okùn crwth dúró, ọ̀pá náà máa ń kan okùn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn orin a sì máa jáde ní àpapọ̀.

Ní Wales, iṣẹ́ ààfin ni títa crwth. Òun àti háàpù ni àwọn olórin ń lò níwájú àwọn ọba àti ìjòyè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun èlò náà kò mọ sí ààfin. Ó dé ibi ayẹyẹ àwọn mẹ̀kúnnù pẹ̀lú. Bí ó ti gbajúmọ̀ tó hàn nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní ti Wycliffe, ní ọ̀rúndún kẹrìnlá. Nínú ìtàn ọmọ onínàákúnàá, nínú Ìhìnrere Lúùkù orí 15, orúkọ ohun èlò yìí wà lára orin tí ẹ̀gbọ́n gbọ́ bí ó ti ń ti oko bọ̀ wá sílé. Nígbà tí fáólìnì gbilẹ̀, ó gba ipò crwth. Nígbà tí ó fi di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, agbára káká ni a fi ń rí ẹni tí ó ṣì mọ̀ ọ́n ta. Báyìí ni orúkọ ìdílé náà ṣe pẹ́ ju iṣẹ́ tí ó bí i lọ.

Bí orúkọ iṣẹ́ ṣe di orúkọ ìdílé

Kí àwọn Norman tó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, orúkọ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní. Bí ìlú ti ń kún, tí ìjọba sì ń kọ àkọsílẹ̀ ilẹ̀, ẹjọ́ àti owó-orí, ó di dandan láti fi nǹkan kún orúkọ kí a lè mọ John kan yàtọ̀ sí òmíràn. Oríṣi àfikún mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀: orúkọ ibi tí ènìyàn ti wá, orúkọ baba rẹ̀, ìnagijẹ, àti orúkọ iṣẹ́ rẹ̀. Abẹ́ ẹ̀ka ti iṣẹ́ ni Crowther wà, pẹ̀lú Harper tí ń ta háàpù, Piper tí ń fun fèrè, àti Smith tí í ṣe alágbẹ̀dẹ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, àfikún yìí kì í kọjá orí ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ. Bí ọmọ onícrowd bá di ahunṣọ, orúkọ mìíràn ni wọn yóò fi mọ̀ ọ́n. Díẹ̀díẹ̀, láàárín ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, àfikún náà di ohun tí ọmọ ń jogún, yálà ó ń ṣe iṣẹ́ baba rẹ̀ tàbí kò ṣe é. Láti ìgbà náà ni Crowther kò ti sọ ohun tí ẹni tí ń jẹ́ ẹ ń ṣe mọ́.

Ìtànkálẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní òkè òkun

Yorkshire, ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ibùjókòó orúkọ yìí, pàápàá ìhà ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ ní agbègbè Huddersfield àti Halifax. Ìkànìyàn ọdún 1881, èyí tí àwọn olùṣèwádìí orúkọ ìdílé ń lò jù lọ, fi hàn pé ibẹ̀ ni àwọn Crowther pọ̀ sí ju ibikíbi lọ. A tún rí wọn ní Lancashire tí ó bá Yorkshire pààlà, àti ní àwọn àgbègbè tí ó wà nítòsí Wales. Crowder ní tirẹ̀ pọ̀ sí ìhà gúúsù àti àárín gbùngbùn.

Iṣẹ́ híhun aṣọ irun àgùntàn ni agbègbè Huddersfield fi lókìkí, àwọn Crowther sì wà lára àwọn tí ó ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ níbẹ̀. Nígbà tí Thomas Armstrong kọ ìtàn àròsọ kan nípa ìdílé oníṣòwò aṣọ ní Yorkshire, The Crowthers of Bankdam ni ó pe ìwé náà, ó sì jáde ní 1940. Yorkshire kan náà ni a ti bí Geoffrey Crowther, ní ìlú Leeds ní 1907. Òun ni olóòtú ìwé ìròyìn The Economist láti 1938 sí 1956, òun sì ni alága ìgbìmọ̀ tí ìjábọ̀ rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́, èyí tí ó jáde ní 1959, ń jẹ́ Crowther títí di òní.

Àwọn tí ó ṣí kúrò ní Britain gbé orúkọ náà lọ sí Amẹ́ríkà àti Australia. Bosley Crowther, tí a bí ní 1905, ni ó ń kọ lámèyítọ́ fíìmù fún The New York Times láti 1940 sí 1967. Ní Tasmania, William Crowther tí í ṣe dókítà ni olórí ìjọba láti 1878 sí 1879. Ní gbogbo ibi wọ̀nyí, ọ̀nà kan náà ni orúkọ ń gbà: baba ń fi í lé ọmọ lọ́wọ́.

Bí orúkọ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn Yorùbá

Ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1821, àwọn akónilẹ́rú kó ìlú Òṣoògùn, nítòsí Ìsẹ́yìn. Lára àwọn tí wọ́n kó ni Àjàyí, ọmọkùnrin kan tí kò tíì tó ogún ọdún. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bọ́ sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Britain tí ń jẹ́ Myrmidon gba ọkọ̀ náà, ó sì kó àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ni Àjàyí ti kàwé lọ́dọ̀ àwọn ajíhìnrere CMS. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825, a rì í bọmi, ó sì di Samuel Crowther.

Orúkọ ẹlòmíràn tí ó wà láàyè ni. Samuel Crowther àkọ́kọ́ jẹ́ àlùfáà ìjọ Christ Church ní Newgate Street ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wà lára àwọn alátìlẹ́yìn CMS ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ náà. Kò sí okùn ẹ̀jẹ̀ láàárín òun àti ọmọ Òṣoògùn. Àṣà ìgbà náà ni pé kí a fi orúkọ àwọn alátìlẹ́yìn, àwọn ajíhìnrere tàbí àwọn aláṣẹ sọ àwọn tí a gbà sílẹ̀. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ orúkọ bíi Macaulay, Thompson, Davies àti Cole gbà di orúkọ àwọn Sàró, tí wọ́n sì bá wọn padà wá sí Èkó àti Abẹ́òkúta.

Láti orí Àjàyí síwájú, orúkọ tí a fi fúnni di ohun àjogúnbá. Dandeson Coates Crowther, ọmọ rẹ̀ tí ó di Áṣídíákónì ní agbègbè ẹnu odò Ọya, ń jẹ́ Crowther lẹ́yìn baba rẹ̀. Dandeson Coates tí ó ṣáájú jẹ́ orúkọ akọ̀wé CMS kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Abigail, ọmọbìnrin Bíṣọ́ọ̀bù, fẹ́ Thomas Babington Macaulay, ẹni tí ó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Herbert Macaulay, olóṣèlú tí a bí ní 1864, ni ọmọ wọn. Ọmọ-ọmọ Àjàyí ni Herbert, ṣùgbọ́n kò jẹ́ Crowther, nítorí pé ìhà baba nìkan ni orúkọ ìdílé Gẹ̀ẹ́sì ń tọ̀.

Crowther, Àjàyí àti Àyàn

Orúkọ méjèèjì tí Bíṣọ́ọ̀bù ń jẹ́ ń sọ ìtàn tí ó yàtọ̀ síra. Àjàyí jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá. Ọmọ tí ó dojú bolẹ̀ nígbà tí a bí i ni ó ń jẹ́ ẹ, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ni orúkọ náà ń ròyìn. Crowther ń ròyìn iṣẹ́ baba ńlá ẹlòmíràn, ní ilẹ̀ tí Àjàyí kò dé rí nígbà tí wọ́n fi sọ ọ́. Ó ń jẹ́ méjèèjì pọ̀, Àjàyí sì wà nínú orúkọ rẹ̀ ní àkọtọ́ àtijọ́ gẹ́gẹ́ bí Adjai. Ohun kan yẹ ní àkíyèsí: Ìhìnrere Lúùkù, tí orúkọ crowd wà nínú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ àtijọ́, wà lára àwọn ìwé tí Crowther kọ́kọ́ túmọ̀ sí èdè Yorùbá.

Àwọn Yorùbá náà ní orúkọ tí iṣẹ́ orin bí. Àwọn ọmọ onílù ń jẹ́ Àyànwálé, Àyándélé àti Àyánkúnlé, nítorí Àyàn, òrìṣà ìlù, tí ìdílé wọn ń bọ. Ní ti orísun, àwọn orúkọ wọ̀nyí súnmọ́ Crowther gan-an. Ìyàtọ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú ìdílé Àyàn, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní odindi orúkọ tirẹ̀, ó sì ní ìtumọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń gbọ́. Àmì ìdílé ni Àyàn tí ó wà níwájú rẹ̀. Crowther ti di àmì lásán lẹ́nu àwọn tí ń jẹ́ ẹ, kódà ní Yorkshire.

Ìbéèrè lórí irú orúkọ tí ó yẹ kí ọmọ Áfíríkà máa jẹ́ gbóná ní Èkó ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn kan pa orúkọ òyìnbó tì. David Brown Vincent, àlùfáà ìjọ Onítẹ̀bọmi, di Mojola Agbebi ní 1894. Àwọn mìíràn di èyí tí wọ́n bá lọ́wọ́ baba wọn mú, nítorí pé ó ti di ìtàn ìdílé wọn. Ìdí nìyẹn tí Crowther fi ń bẹ lórí ahọ́n Yorùbá títí di ìsinsìnyí. Yunifásítì Ajayi Crowther ní Ọ̀yọ́, tí a dá sílẹ̀ ní 2005, gbé orúkọ méjèèjì pọ̀.

Ohun tí orúkọ náà lè fi hàn

Bí a bá rí Crowther nínú àkọsílẹ̀ ìdílé láti Yorkshire, ó ṣeé ṣe kí ó tọ́ka sí baba ńlá kan tí ń ta crowd ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn. Síbẹ̀, olórin pọ̀ ní ìlú púpọ̀, gbogbo Crowther Yorkshire kò sì ní láti jẹ́ ọmọ baba kan. Bí a bá rí i nínú àkọsílẹ̀ Sàró tàbí ti Èkó, ìwé ìrìbọmi ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wá, kí a mọ ẹni tí a fi orúkọ náà fún àti ẹni tí a fi sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni kí a bèèrè orúkọ tí ó ń jẹ́ nílé kí wọ́n tó kó o lẹ́rú, nítorí pé inú orúkọ yẹn ni ọ̀nà tí ó lọ sí ìlú àti ìran rẹ̀ wà. Ní ti Bíṣọ́ọ̀bù, Àjàyí ni a fi mọ̀ ọ́n ní Òṣoògùn. Nígbà tí ó sì tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, ọmọ tí ìyá náà mọ̀ ni Àjàyí.