Èdè Inú Ìwé àti Èdè Ẹnu



Ní ọ̀sẹ̀ kìíní tí a dé Jeddah, a lọ sí ọjà Bab Makkah láti ra ìkòkò. Èdè Lárúbáwá tí a ti ń kọ́ láti kékeré ni a fi bá ọlọ́jà sọ̀rọ̀. A pe gbogbo ọ̀rọ̀ pé pérépéré, a kò fi ohùn kankan sílẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ṣé ìròyìn orí rédíò ni à ń kà ni? Ìwé kọ́ wa pé “ayna” ni a fi ń béèrè ibi tí nǹkan wà; “fein” ni wọ́n ń sọ ní Jeddah. Ìwé ní “uridu” bí a bá fẹ́ nǹkan. “Abgha” ni tiwọn. Ìsinsìnyí tí ìwé pè ní “al-an”, “dahin” ni lẹ́nu wọn. Ojú tì wá. Fún bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, bí a bá dé ọjà, ìka ni a fi ń tọ́ka sí ohun tí a fẹ́ rà.

A mọ̀ pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú yín, ì báà ṣe pẹ̀lú Lárúbáwá níhìn-ín tàbí pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a wo ẹ̀yìn wò, kí a mọ bí àwọn tó ṣáájú wa ṣe kọ́ èdè àjèjì.

Ní ilé-kéwú àtijọ́, wàláà ni ọmọdé ń gbé lọ́wọ́. Bí ó bá dàgbà tó ìwé, alùfáà a ka Lárúbáwá, a sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Kíkà àti ìjọsìn ni wọ́n ń kọ́ ọ fún, kì í ṣe ìtàkúrọ̀sọ. Ní 1952, Sheikh Adam Abdullahi al-Ilori dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955. Ó pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí kíláàsì, ó sì gbé ẹ̀kọ́ Lárúbáwá karí ètò tuntun. Iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀, èdè ìwé ni èdè tí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ fi ń kọ́ni, nítorí òun ni èdè Kùránì àti ti ìdánwò.

Ṣùgbọ́n kí ó tó di ìgbà náà, Lárúbáwá ti wà lẹ́nu wa. Àlàáfíà, àlùbáríkà, wákàtí, sùúrù, àlùbọ́sà: ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti wá. Ẹnu àwọn oníṣòwò àti arìnrìn-àjò ni wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Hausa pàápàá ń pe àlùbọ́sà ní “albasa”. Àwọn baba wa kò pe “waqt” bí Lárúbáwá ti ń pè é. Wọ́n sọ ọ́ di wákàtí, wọ́n sì ń ná ọjà wọn lọ. Bí wọ́n bá dúró títí ahọ́n wọn yóò fi tọ́, kí ni à bá máa pe wákàtí lónìí?

Ẹ wo Ajayi Crowther pẹ̀lú. Àwọn Yorùbá tí a tú sílẹ̀ lóko ẹrú, tí wọ́n ti ìlú oríṣìíríṣìí wá sí Freetown, wà láyìíká rẹ̀. Èdè ẹnu ni ó kó jọ sínú ìwé tí ó jáde ní 1843. Ẹnu ni ìyá ìwé.

Ní ìlú Mẹ́kà àti Jeddah níhìn-ín náà, ẹ wo àwọn tí Lárúbáwá ń pè ní Takarina, àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí àwọn baba wọn fi ẹsẹ̀ la Chad àti Sudan kọjá wá ṣe Hájì, tí wọ́n sì jókòó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba náà kò mọ gírámà. Lónìí àwọn ọmọ wọn ń sọ èdè ìlú yìí bí onílé.

Ohun tó tú ahọ́n tiwa kò tóbi. Ní ọjọ́ kan a gbọ́ tí arúgbó kan kí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbẹ́lẹ̀ lójú títì pé, “Allah ya’tik al-afiya.” A dúró sójú kan. Al-afiya yìí, àlàáfíà wa kọ́ yẹn? Ìkíni náà fúnra rẹ̀, kí ni bí kò ṣe “ẹ kú iṣẹ́”? A tún gbọ́ “na’iman” tí wọ́n fi ń kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ irun. Àwa tí a ń kí onídìrí pé “ojú gbooro”, tí a ń kí àgbẹ̀ pé “àroko bọ́dún dé”, ta ló yẹ kí èyí yé jù wá lọ?

Nítorí náà, ẹ má ju ìwé nù; òun ni yóò mú wa yege. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe wà láàárín ara wa nìkan fún ọdún mẹ́rin, kí a wá padà sílé bí odi. Ẹ jókòó lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, ẹ tò níwájú oníbúrẹ́dì, ẹ sọ ọ́, kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ béèrè èyí tí kò yé yín. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

A padà sọ́dọ̀ oníkòkò wa. A kí i pé, “Allah ya’tik al-afiya.” Ó gbójú sókè, ó dáhùn pé, “Allah ya’afik,” ó sì fa àga fún wa. Kò rántí wa mọ́.