Ta Ni Yóò Ru Ẹrù Ọ̀dá Owó? Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ Ilé Ìtẹ̀wé ní Ṣómólú

Láti Abúlé Òkúta wọ Ṣómólú, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń jẹun. Òkè òkun ni púpọ̀ nínú bébà wọn ti ń wá, nítorí ilé iṣẹ́ bébà tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Jẹ́bà àti Ìwòpín kò lè bọ́ ọjà. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà 2023, tí dọ́là kan kúrò ní nǹkan bí 470 náírà tó sì kọjá 1,500 ní 2024, bébà gbówó lórí. Ṣé ó wá yẹ kí ọ̀gá dá òṣìṣẹ́ dúró?

Èrò mi ni pé ìyẹn ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Iṣẹ́ yìí ní àsìkò: ìparí ọdún ń mú kàlẹ́ńdà wá, ìdìbò ń mú pósítà wá. Ọdún púpọ̀ ni operétọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fi ń kọ́ bí àwọ̀ mẹ́rin ṣe ń bá ara wọn mu lórí bébà. Ọ̀gá tó lé e lọ ní oṣù kẹta yóò máa wá irú rẹ̀ ní oṣù kọkànlá, bébà olówó gọbọi yìí náà ni ẹni tuntun yóò sì fi kọ́ṣẹ́.

Àwọn kan á ní owó oṣù kì í dúró de àsìkò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn lè dín ọjọ́ iṣẹ́ kù, kí ọ̀gá náà dín èrè tirẹ̀ kù. Ní Jámánì ní 2009, òṣìṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù kan ló ń ṣiṣẹ́ wákàtí díẹ̀, tí ìjọba sì ń bá wọn dí lára owó tí wọ́n pàdánù.

Níhìn-ín, abala 20 Òfin Òṣìṣẹ́ ní kí agbanisíṣẹ́ sọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kó tó dá ènìyàn dúró, kó sì gbìyànjú láti dúnàádúrà owó ìdádúró. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 gba ẹni tí kò ríṣẹ́ fún oṣù mẹ́rin láàyè láti gba ìdá kan nínú mẹ́rin owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, àmọ́ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó 15 ló di dandan fún. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kò tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2020, Báńkì Àpapọ̀ ní báńkì kankan kò gbọdọ̀ dá òṣìṣẹ́ dúró láìgbàṣẹ. Ta ló sọ irú rẹ̀ nítorí operétọ̀ Ṣómólú? Ẹbí rẹ̀ nìkan ló ń ru ẹrù náà.

Ẹ̀yin ọ̀gá atẹ̀wé, ẹ bá àwọn òṣìṣẹ́ yín jókòó lórí dídín ọjọ́ iṣẹ́ kù, kí ẹ sì kọ owó ìdádúró sínú ìwé kí ọ̀dá mìíràn tó dé.