Mo Wá Ìwé Ìhágún Bàbá Àgbà

Mo béèrè lọ́wọ́ bàbá mi l'Éjìgbò pé ìyàwó mélòó ni bàbá àgbà fẹ́. Wọ́n ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Ìwé ìhágún ò sí, ọ̀rọ̀ ogún wa ò sì dé kóòtù rí.

Suberu Dawodu náà kú ní 1940 láìkọ ìwé ìhágún, ṣùgbọ́n kóòtù l'Ékòó ka ìyàwó ẹ̀: mẹ́rin, ọmọ, mẹ́sàn-án. Ìjà ló fà á. Ṣé ìdí igi ni ká fi pín ogún, kó jẹ́ ọ̀nà mẹ́rin, àbí orí-ò-jorí, kó di mẹ́sàn-án? Ẹjọ́ ọ̀hún dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. 1962 ni wọ́n tó dá a, lẹ́yìn òmìnira! Ìdí igi ló borí.

Ìdí igi náà la fi pín tiwa, ẹnì kankan ò jà. Ìgbà tó yá ni bàbá mi ní ìyàwó kan wà tí ò bímọ. Wọn ò rántí orúkọ ẹ̀ mọ́.