Ẹsẹ̀, Ẹ̀ṣẹ́ àti Ọ̀nà: Bí Àwọn Ará Kòríà Ṣe Ń Kọ́ Ọmọ Ní Ìjà

Ọ̀rọ̀ tòní jìnnà sí ilé, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé mi gan-an ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, ọmọ ọmọ mi kan wá kí wa láti Abijan. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, yóò bọ́ sórí àpáta pẹlẹbẹ tí a máa ń sá èlùbọ́ sí, yóò dúró ṣánṣán, yóò tẹrí ba níwájú ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìpá sókè. Bí ó bá ta ọ̀kan, á ké, "Hana!" Bí ó bá ta èkejì, "Dul!" Ẹ̀kẹta, "Set!"

Ìyá kan tó jẹ́ aládùúgbò wa wò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin ó wá bá mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Èdè wo ni ọmọ yín ń sọ yẹn? Ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe é?"

Mo ní, "Kò sí nǹkan tó ń ṣe é, Ìyá. Ó ń ka ení, èjì, ẹ̀ta ni. Èdè Kòríà ni."

Ó ní, "Ta ló wá ń sọ èdè Kòríà ní Abijan?"

Ìbéèrè ńlá ni ìyá yẹn bi mí. N kò lè dáhùn rẹ̀ tán ní ìdúró, nítorí náà ni mo ṣe gbé e wá síbí.

Ilẹ̀ Kòríà wà ní ìhà ìlà-oòrùn ayé, láàárín Ṣáínà àti Jàpáàní. Ilẹ̀ olókè ni bíi tiwa, àfi pé òkè tiwọn ga ju tiwa lọ fíìfíì, yìnyín sì máa ń bo ilẹ̀ wọn nígbà òtútù. Láti ìgbà láéláé ni wọ́n ti ní ìjàkadì tiwọn tí wọ́n ń pè ní ssireum. Orí yanrìn ni wọ́n ti ń jà á. Oníkálukú á so aṣọ mọ́ ìbàdí àti itan, ẹnì kejì á di aṣọ náà mú. Bí ohunkóhun lára ènìyàn láti orúnkún lọ sókè bá ti kan ilẹ̀, a ti dá a nìyẹn. Ní ọjọ́ ọdún, akọ màlúù ni wọ́n máa ń fún ẹni tó bá borí. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ja gídígbò ní òru òṣùpá, ẹ ó rí i pé kò jìnnà sí tiwa. Ní ọdún 2018, UNESCO kọ ssireum sínú ìwé àwọn àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú, Kòríà ti Àríwá àti ti Gúúsù ni ó sì jọ gbà á pọ̀, àwọn tí kì í jọ ṣe nǹkan.

Wọ́n tún ní eré ẹsẹ̀ kan, taekkyon, tí ènìyàn fi ń gbá ẹsẹ̀ ẹnìkejì rẹ̀ kí ó lè ṣubú. Ní ọdún 1790, ọba wọn tó ń jẹ́ Jeongjo ní kí wọ́n kọ ìwé ńlá kan lórí bí sójà ṣe ń lo idà, ọ̀kọ̀ àti ọwọ́ lásán. Àrà mẹ́rìnlélógún ni ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán bí a ṣe ń gbé ẹsẹ̀ àti bí a ṣe ń gbé apá. Lẹ́tà Ṣáínà ni wọ́n fi kọ ìwé náà, èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n fi apá kan sí i tí wọ́n kọ ní èdè àti ní lẹ́tà àwọn mẹ̀kúnnù, kí ẹni tí kò kọ́ ìwé Ṣáínà lè rí i kà.

Lẹ́tà àwọn mẹ̀kúnnù yìí, ọba ni ó ṣe é. Sejong ni orúkọ rẹ̀. Ní 1443 ni ó parí rẹ̀, ní 1446 ni ó gbé e jáde fún ará ìlú. Lẹ́tà méjìdínlọ́gbọ̀n ni nígbà náà, mẹ́rìnlélógún ni wọ́n ń lò báyìí. Àwọn ìjòyè rẹ̀ kan kò fẹ́ ẹ rárá. Láti 1989 ni UNESCO ti ní ẹ̀bùn kan tó ń jẹ́ orúkọ Sejong, tí wọ́n fi ń yẹ́ àwọn tó ń kọ́ ènìyàn ní ìwé kíkà sí. Àwa tí a ń jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú pátákó àti ẹfun, ọba wa ni ọba náà jẹ́.

Ní 1910, Jàpáàní gba ilẹ̀ Kòríà. Ọdún márùndínlógójì ni wọ́n fi jókòó lé wọn lórí, títí di 1945. Láti 1938 ni wọ́n ti ń yọ èdè Kòríà kúrò nínú ẹ̀kọ́ ilé-ìwé. Ní 1940 wọ́n ní kí olúkúlùkù gba orúkọ Jàpáàní. Ẹ̀yin tí ẹ lọ ilé-ìwé ní ayé Faransé, n kò ní láti ṣàlàyé púpọ̀ fún yín. Ẹ rántí nǹkan tí wọ́n máa ń so mọ́ ọrùn ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀. Wọ́n so ó mọ́ mi lọ́rùn rí, ní ilé-ìwé kan tí n kò ní dárúkọ. Omi ni mo béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Odindi ọjọ́ kan ni mo fi gbé e kiri.

Ayé báyìí ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn ti dìde. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lee Won-kuk lọ kàwé ní Tokyo, ibẹ̀ ni ó ti kọ́ kàráté lọ́dọ̀ Funakoshi, àgbà olùkọ́ àwọn ará Jàpáàní. Ní 1944, ó padà dé Seoul, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ tí a ń pè ní Chung Do Kwan, ìyẹn Ilé Ìgbì Omi. "Kwan" ni ilé ńlá. Ní ọdún kan náà, Ro Byung-jick, tí wọ́n jọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ olùkọ́ kan náà, dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Kaesong. Nígbà tí Jàpáàní kó ẹrù wọn lọ ní 1945, òmíràn tẹ̀ lé e. Hwang Kee, tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, kó ọmọ ẹ̀kọ́ tirẹ̀ jọ síbi iṣẹ́ rélùwéè náà.

Ẹ jẹ́ kí a wọ inú irú ilé bẹ́ẹ̀. Yàrá gbọọrọ kan ni, pákó ni ilẹ̀ rẹ̀. Bàtà kì í wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá ń wọlé á tẹrí ba ní ẹnu ọ̀nà kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì. Kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ á gbá ilẹ̀, wọ́n á fi aṣọ nù ún. Aṣọ funfun kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀, ọmọ olówó àti ọmọ tálákà. Wọ́n á tò ní ìlà. Kì í ṣe ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń tò, bí kò ṣe ipò tí oníkálukú ti dé nínú ẹ̀kọ́. Bí ó ti rí nínú ilé ọkọ ni: ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni ìyálé, bí èyí tó tẹ̀lé e tilẹ̀ jù ú lọ́jọ́ orí. Nítorí náà ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè dúró níwájú àgbà ọkùnrin, àgbà ọkùnrin náà á sì tẹrí ba fún un.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ya ẹsẹ̀, wọ́n á tẹ orúnkún bí ẹni tó gun ẹṣin, wọ́n á sì máa kan ẹ̀ṣẹ́ síwájú ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ọ̀gá bá ṣe ń kà. Ẹ gbìyànjú ìdúró yẹn nílé kí ẹ tó rẹ́rìn-ín. Itan yóò bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀ṣẹ́ kan náà, ìpá kan náà, ọgọ́rùn-ún ìgbà, igba ìgbà. Ẹni tó bá béèrè ìgbà tí a ó kọ́ òmíràn, ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí ó tún un ṣe. Wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀, wọ́n fi okùn koríko ìrẹsì wé e, òun ni wọ́n ń kàn ní ẹ̀ṣẹ́ títí oríkèé ìka á fi le. Nígbà òtútù, ẹsẹ̀ lásán ni lórí pákó tó tutù bí omi àmù. Ìyà náà wà níbẹ̀: àwọn tó ga ní ipò máa ń fi ọ̀pá na àwọn tó wà lẹ́yìn. Àwọn kan ń fi apá yìí yangàn títí di òní. Èmi kò rí ohun tí a ń fi í yangàn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní poomsae. Ọmọ kan á dúró ní àárín yàrá, á yí sí òsì, á dínà ẹ̀ṣẹ́ tí kò sí, á ta ìpá sí ẹni tí kò sí, á yí sí ọ̀tún, á tún un ṣe, títí á fi padà dé ojú ibi tó ti gbéra. Ìdí nìyẹn tí ọmọ mi fi ń jà lórí àpáta láìsí alátakò. Àwọn òbí máa ń bẹ̀rù pé ọmọ tó bá kọ́ nǹkan yìí á di jàǹdùkú. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀: ọ̀pọ̀ oṣù ni ọmọ á fi bá afẹ́fẹ́ jà kí wọ́n tó gbà á láyè láti dojú kọ ènìyàn.

Ìgbànú nìkan ni mo fẹ́ tún sọ. Funfun ni ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, dúdú ni ti ẹni tó ti mọ̀ ọ́n. Àwọn kan máa ń sọ pé ìdọ̀tí ni ó ń sọ funfun di dúdú. Ìtàn dídùn ni, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Kano Jigoro, tó dá júdò sílẹ̀ ní Jàpáàní, ni ó bẹ̀rẹ̀ ìgbànú dúdú ní nǹkan bí ọdún 1880 sí 1890, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo àwọn yòókù ti yá a.

Láti 1950 títí di 1953, ogun jà láàárín Kòríà ti Àríwá àti ti Gúúsù. Méjì nínú àwọn tó dá àwọn ilé àkọ́kọ́ sílẹ̀ bá ogun náà lọ. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ wọn ni ó tún kó ara wọn jọ, tí wọ́n fún ilé náà ní orúkọ tuntun. Nígbà náà, ilé kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ tí ó ń pe ẹ̀kọ́ rẹ̀. Òmíràn ń pè é ní Ọ̀nà Ọwọ́ Ṣáínà, èyí tó jẹ́ orúkọ àtijọ́ kàráté gan-an, tí wọ́n kàn fi ẹnu Kòríà pè. Ní 1955, ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Choi Hong-hi mú orúkọ mìíràn wá: taekwondo. "Tae" ni títa ẹsẹ̀, "kwon" ni ẹ̀ṣẹ́, "do" ni ọ̀nà. Kò rọrùn láti kó gbogbo ilé sábẹ́ orúkọ kan, nítorí ọ̀gá kò fẹ́ràn ọ̀gá. Ó di 1972 kí wọ́n tó kọ́ olú ilé wọn, Kukkiwon, sí Seoul, àti 1973 kí wọ́n tó dá ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń darí rẹ̀ lónìí sílẹ̀.

Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ olùkọ́ taekwondo, wọ́n á sọ fún yín pé ẹ̀kọ́ náà ti pé ẹgbẹ̀rún méjì ọdún. Wọ́n á mẹ́nu kan àwòrán inú ibojì àwọn ọba àtijọ́. Àwòrán náà wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ti rí ọ̀nà tí ó gbà wá: ọwọ́ Jàpáàní ni àwọn ọ̀gá àkọ́kọ́ ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ni. Mo mọ ìdí tí wọn kò fi fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ta ni ó fẹ́ sọ pé ọwọ́ ẹni tó gba orúkọ rẹ̀ ni òun ti gba ọgbọ́n? Lójú tèmi, ìtàn tòótọ́ ni ó wúlò jù. Wọ́n mú ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ ẹni tó jókòó lé wọn lórí, wọ́n fi ìpá gígùn sí i, irú èyí tí wọ́n mọ̀ láti inú eré ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì yí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà sí èdè tí ilé-ìwé ti lé jáde. Taekkyon fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Bàbá kan tó ń jẹ́ Song Deok-gi, tí wọ́n bí ní 1893, ni ó gbé e la ayé Jàpáàní kọjá, tí ó sì fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ kó tó kú ní 1987.

Báwo ni ó ṣe wá dé Abijan? Láti nǹkan bí ọdún 1960 lọ sókè, àwọn ọ̀gá Kòríà ti Gúúsù bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ sí òkè òkun. Ìjọba wọn náà rán lára wọn, nítorí òun àti Àríwá ń wá ọ̀rẹ́ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Ní 1968, ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Kim Young-tae dé Kóòtù Difúà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn. Ní Abijan, ọmọ Baulé, ọmọ Bété, ọmọ Júlà àti ọmọ Yorùbá lè jọ wà lórí ìlà kan, èdè ilé wọn kò dọ́gba. Gbogbo wọn ń ka hana, dul, set.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún 2016, ní ìdíje Òlíḿpíìkì ní Rio, Cheick Cissé ti Kóòtù Difúà dojú kọ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan ní ìjà àṣekágbá. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà níwájú. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo nígbà tí Cissé yí, tí ó sì ta ìpá kan sí i ní orí. Wúrà àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè náà gbà ní Òlíḿpíìkì láti ìgbà tí ó ti wà nìyẹn. Ruth Gbagbi, obìnrin, gba idẹ ní ìdíje kan náà. Abdoul Razak Issoufou ti Nìjẹ̀r, aládùúgbò wa, gba fàdákà. Nígbà tí ìjà bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí ó parí, èdè Kòríà ni ẹni tó ń darí ìjà fi kéde rẹ̀: "Sijak!" kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, "Keuman!" kí wọ́n dáwọ́ dúró.

Mo sọ gbogbo èyí fún ìyá aládùúgbò wa, ní kúkúrú. Ó ronú díẹ̀. Ó pe ọmọ náà, ó ní kí ó wá ka iye ìpá rẹ̀ ní èdè bàbá rẹ̀. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Ó dúró. Ó wojú mi. Kò mọ èyí tó kàn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ohùn méjì lẹ́yìn ilé. Ìyá náà ti gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ àpáta, ẹ̀pà ni ó ń pa lọ́wọ́. "Ẹ̀fà," ni ó wí, ọmọ náà ta ìpá. "Èje."